Ọjọ́ márùn-ún ní Iquitos: bí a ṣe ṣètò ìrìnàjò tọkọtaya kan àti màmá wọn

Tọkọtaya kan tó ń gbé ní Houston ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni líìfù tí wọ́n rí gbà níbi iṣẹ́, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Memorial Day ní ìparí oṣù karùn-ún, wọ́n sì fẹ́ fi lọ wo odò Amazon. Ìyá ìyàwó ti wá kí wọn láti Ìgbọ́kọ̀dá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìyàwó sì ní òun ò lè fi Màmá ti tẹlifíṣọ̀n kí òun máa lọ ṣe fàájì. Màmá ti pé ẹni ọdún 68. Eékún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kúrò nínú báàgì wọn. Ṣùgbọ́n etí omi ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi ju èmi, ọkọ àti ìyàwó lápapọ̀ lọ.

Iquitos ni ìlú tí ọkọ mú, kò sì mú un burú. Òun ni olú ìlú ẹkùn Loreto ní àríwá ìlà-oòrùn Peru, àárín igbó kìjikìji ló wà, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní 350,000. Pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó yìí, kò sí títì tó so ó mọ́ Lima tàbí ìyókù orílẹ̀-èdè náà. Títì ńlá tó jáde nínú rẹ̀ gba inú igbó lọ sí Nauta, nǹkan bíi 100 kìlómítà, ibẹ̀ ló sì parí sí, létí omi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Iquitos, bààlúù ni tàbí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó máa ń wá bá mi fún irú ìrìnàjò yìí kì í kọ́kọ́ rò ó débẹ̀. Wọ́n á ka ibi tí wọ́n fẹ́ rí, wọn ò ní ka wákàtí tí wọn yóò fi débẹ̀.

Ọkọ ti kọ ètò tiẹ̀ sínú fóònù kó tó pè mí. Wọ́n á balẹ̀ sí Iquitos, wọ́n á lọ sùn nínú igbó Pacaya-Samiria tí ìjọba ń dáàbò bò, wọ́n á tún bá odò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí Peru, Kòlóńbíà àti Brazil ti pààlà, wọ́n á ya fọ́tò ní Leticia, wọ́n á padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún ti sọ fún un pé adùn ìrìnàjò náà ni kéèyàn wọ láńchà láti Yurimaguas wá sí Iquitos, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí èrò máa ń so ibùsùn aṣọ kọ́ sí, tí wọ́n á máa sùn, tí wọ́n á máa jí, tí adìyẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ wọn.

Mo ní ká ka wákàtí. Láńchà láti Yurimaguas ń lọ sí bí ọjọ́ mẹ́ta, òun nìkan á jẹ ìdajì líìfù. Ọkọ̀ ayára láti Iquitos dé Santa Rosa, ní ojú ààlà, lè gbà tó wákàtí mẹ́wàá, àbọ̀ sì tún ń pẹ́ ju àlọ lọ nítorí pé ọkọ̀ ń bá omi jìjàkadì. Leticia jẹ́ ti Kòlóńbíà: a ò tíì yanjú físà Peru fún Màmá, a tún fẹ́ dá ti Kòlóńbíà lé e. Pacaya-Samiria ní tiẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà lọ. Kéèyàn tó débi tí ẹranko pọ̀ sí, á kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Nauta, á tún wá wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ sùn mọ́jú.

Inú ọkọ ò dùn. Ó ní ṣé Iquitos nìkan náà ni òun á rí ní gbogbo owó tí òun fẹ́ ná yìí. Ìyàwó ló dá sí i: “Bùọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún un. Tá a bá tẹ̀ lé ètò yìí, a máa dẹrù lórí omi ni, a ò ní rí nǹkan kan.”

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò tèmi, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lọ sírú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe é báyẹn. Bààlúù tí yóò gbé wọn padà sí Houston á gbéra ní Lima ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjò Iquitos lè dá bààlúù dúró fún wákàtí mélòó kan tàbí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò ní Iquitos, wọn ò sì gbọdọ̀ sùn sínú igbó ní òru Ọjọ́rú, torí pé ẹni tó sùn sínú igbó tún ní odò láti bá ṣe kó tó dé pápákọ̀. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òru méjì péré ló kù fún igbó: Ajé àti Ìṣẹ́gun. Òru ọjọ́ Àìkú á jẹ́ ti ìlú, kí Màmá lè sinmi lẹ́yìn bààlúù wákàtí méje láti Houston dé Lima àti òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ọkọ ní odindi ọjọ́ kan á ṣòfò ní Lima. Mo ní kó ṣírò iye tí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta máa jẹ́ bó bá ní kí òun tún un rà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dákẹ́.

Kó tó dákẹ́ tán, ó tún mú oṣù kẹjọ wá. Ó ní òun lè sún líìfù síwájú, pé wọ́n ní àkókò yẹn ló gbẹ, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó. Òótọ́ ni. Odò Amazon ní Iquitos máa ń kún láti ìgbẹ̀yìn ọdún títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, torí òjò tó ń rọ̀ lórí òkè Andes, lẹ́yìn náà omi á máa fà títí di oṣù kẹjọ, ìkẹsàn-án. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkún àti fífà rẹ̀ lè tó mítà méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò nípa mítà méje yẹn ni pé bí omi bá fà, bèbè odò á ga. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sísàlẹ̀, èèyàn á wá máa gun ẹrẹ̀ yíyọ̀ tàbí àkàbà pákó lọ sókè, lọ́jọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní oṣù karùn-ún, omi ṣì ga dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ á kàn fara ti pákó àbáwọlé, Màmá á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ti wọlé. Eékún ọ̀tún Màmá ló mú oṣù fún wa, kì í ṣe ẹyẹ, kì í ṣe ọ̀bọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi kíkún ní adùn tiẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kékeré lè wọ àárín igi lọ nínú igbó tí omi bò.

Ìwé Màmá ló gba àkókò jù. Ọkọ àti ìyàwó ń lo páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, wọn ò nílò físà láti lọ ṣàbẹ̀wò sí Peru. Ti Nàìjíríà ni Màmá ń lò, wọ́n nílò ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Peru rárá, mo ní kí ìyàwó ya fọ́tò físà Amẹ́ríkà tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù Màmá ránṣẹ́ sí mi. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà yí i padà fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tó jẹ́ pé físà olóṣù mẹ́ta tí èèyàn lè fi wọlé lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn nígbà náà. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni Màmá ní, ìlẹ̀kùn á ti padé lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá ti jáde lọ sí Lima. Ìgbọ́kọ̀dá ni wọn ìbá gbà lọ, kì í ṣe Houston. Ti Màmá ṣáájú ìyípadà yẹn, ó ṣì ní ọjọ́ lórí, ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n lè fi wọlé léraléra. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n kọ̀wé fún ti Peru, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì àti ìwé báńkì ọmọ. Ó jáde lásìkò. Mo sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé dá padà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ti yẹ́lò káàdì ló wá fẹ́ da ọ̀rọ̀ rú. Igbó Loreto wà lára ibi tí ibà pọ́njú ti lè ranni, wọ́n sì máa ń sọ fún àlejò pé kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Màmá ní káàdì, èyí tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà lọ́dún 2008. Ìwé aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ti ká títí tó fi ya sí méjì, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó ti ń pa rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 2018 ló máa kú. Nọ́ọ̀sì tó rí i ní ilé ìwòsàn kan ní káàdì náà ti kú, kí Màmá jókòó kí òun fún wọn ní òmíràn. Ìyàwó pè mí láti ibẹ̀. Mo ní kó bèèrè dókítà ná.

Ìdí méjì ni. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016, òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ títí ayé ẹni, èyí sì kan àwọn káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí. Kò sẹ́ni tó ní láti tún un kọ. Èkejì, abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ohun tí à ń fún àgbàlagbà láìronú. Fún ẹni tó ti lé ní 60, pàápàá tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, ewu rẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Dókítà wo káàdì, ó wo ọjọ́ orí, ó ní Màmá ò nílò òmíràn. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó ti ju irú káàdì yẹn nù torí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ má jù ú nù.

Ní ti ibà lásán, ọkọ ní ọmọ Nàìjíríà ni òun, ẹ̀fọn Peru ò lè rí òun gbé ṣe. Ó ti pé ogún ọdún tó ti wà ní Amẹ́ríkà. Agbára tí ara ń ní láti bá ibà jà máa ń dínkù bí ẹ̀fọn ilé ò bá jẹ èèyàn mọ́ fún ọdún púpọ̀. Irú ibà tó wọ́pọ̀ jù ní Loreto, tí wọ́n ń pè ní vivax, kì í sábà rí wa mú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rí. Ṣùgbọ́n falciparum tó ń pa èèyàn nílé wà níbẹ̀ náà. Dókítà kọ Malarone, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà, fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò. Ọjọ́ méje ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Màmá kọ́ ni mo ń bá wí.

Ilé àlejò inú igbó tí a mú ò jìnnà jù, bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú ọkọ̀ ayára láti ìlú. Mo bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà wà fún gbogbo èrò, bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn bo bẹ́ẹ̀dì dáadáa, àkàsọ̀ mélòó ló wà láti ibi ìgúnlẹ̀ dé yàrá, àti bóyá iná wà lóru fún ẹni tó máa ń dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ilé kan tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ fèsì gbogbo rẹ̀ àfi ti àkàsọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo kìlọ̀ fún ọkọ pé àwọn alárinà á pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀, wọ́n á sọ pé ilé àlejò tí wọ́n ti sanwó fún ti jóná, tàbí omi ti gbé e lọ, wọ́n á sì mú wọn lọ sí tiwọn. Mo tún ní kí wọ́n kó owó dọ́là tó mọ́, tí kò ya, tí ẹnì kankan ò kọ nǹkan sí, torí pé dọ́là tó ya díẹ̀ báyìí, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni ní Peru. Kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó pọ̀ díẹ̀ sí owó sol, torí owó sol ni ọjà àti màrúwá ń gbà. Màrúwá pọ̀ níbẹ̀ ju mọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ ayahuasca, àgbo ibẹ̀ tó máa ń mú kéèyàn rí ìran, náà jáde, torí pé òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ sí Iquitos. Màmá gbọ́ pé àgbo ni, wọ́n bèèrè ohun tó ń wò. Mo ní kì í ṣe àgbo tí ẹni tó ń lo oògùn ilé ìwòsàn ń mu. A ò sọ ọ́ mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Ohun tí wọ́n ròyìn fún mi ni mo kọ.

Ní Àìkú, wọ́n kó ẹrù sílẹ̀, wọ́n lọ sí gbàgede Plaza de Armas, wọ́n rí Casa de Fierro, ilé onírin tí wọ́n gbé irin rẹ̀ wá láti Yúróòpù nígbà tí owó rọ́bà ń ṣàn níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé Gustave Eiffel ló yà á. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fara mọ́ ọn tán. Owó rọ́bà yẹn ló kọ́ àwọn ilé tí wọ́n fi táìsì Portugal bò lójú, ìyà ńlá ló sì fi jẹ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní agbègbè odò Putumayo lábẹ́ iléeṣẹ́ Julio César Arana, èyí tí Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ wádìí ní 1910, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1912. Kóró rọ́bà tí Henry Wickham kó kúrò ní Brazil lọ́dún 1876 ló wá di oko ńlá ní Éṣíà, òun ló sì sọ ọjà Iquitos di yẹpẹrẹ. Igi rọ́bà tí Màmá mọ̀ ní Àrárọ̀mí-Obù, nítòsí Ọ̀rẹ̀, ìran igi Amazon yìí kan náà ni. Mo ti sọ fún ìyàwó kí wọ́n tó lọ, ó sì sọ fún Màmá níwájú ilé onírin náà. Màmá ní kí wọ́n wá ibi jókòó.

Létí odò ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Wọ́n dúró lórí Malecón, ọ̀nà ìgbafẹ́ etí omi, Màmá wo omi tó wà níwájú, wọ́n ní: “Èyí ni wọ́n ń pariwo? Odò Olúwa ju èyí lọ.” Òótọ́ ni Màmá sọ. Amazon ti sún kúrò níwájú ìlú náà. Odò Itaya ló kù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ayára gbé wọn bọ́ sójú Amazon gan-an, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí igi òdìkejì, Màmá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ọkọ dìde láti ya fọ́tò. “Àna mi, jókòó,” ni Màmá wí, ó sì jókòó.

Òru méjì inú igbó lọ bó ṣe yẹ kó lọ: òjò, ọ̀bọ, dólífììnì aláwọ̀ píǹkì tó yọ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì tí kò jẹ́ kí ọkọ rí fọ́tò rẹ̀ yà. Màmá ò bá wọn lọ ní alẹ́ tí wọ́n lọ wo ọ̀nì. Wọ́n bá ìyá tó ń dáná níbẹ̀ jókòó, kò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò gbọ́ èdè Sípéènì, wọ́n sì jọ pọ́n juane fún oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìrẹsì àti adìyẹ tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé bijao bí ìgbà tí à ń pọ́n mọ́ínmọ́ín eléwé. Màmá ní okùn tí wọ́n fi ń dì í kò le tó.

Ọjọ́rú tí wọ́n padà sí ìlú ni mo fi Belén, àdúgbò etí omi tí ọjà ńlá wà, sí, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà, ní ojúmọmọ, láìgbé fóònù lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ Belén ṣì wà nínú omi. Ilé kan wà lórí òpó, òmíràn léfòó lórí igi fífúyẹ́ tí wọ́n so pọ̀, ọkọ̀ kéékèèké ń gba ojú pópó kọjá. Ọkọ̀ onípeque-peque ni wọ́n wọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní ọ̀pá gígùn lẹ́yìn. Ẹni tó ń wà á fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ń gbọ́n omi. Ìyàwó ní ojú òun ń wá ibi tí àánú ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Màmá ní tiwọn ń wo bí wọ́n ṣe so pákó mọ́ òpó, wọ́n ní ti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ dára jù, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀ ilé sókè bí omi bá ń bọ̀. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà ibi tí wọ́n ti ń rí omi mímu. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ló dáhùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lókè, nínú ọjà, obìnrin kan ń sun suri lórí iná, ó gún un mọ́ igi. Ọkọ yíjú sẹ́yìn. Màmá ní ṣebí ìtun nìyí. Ìdin inú ọ̀pẹ ni lóòótọ́, ìbátan èyí tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Wọ́n ra igi méjì, wọ́n jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, wọ́n ní obìnrin náà sun ún gbẹ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò dé. Bààlúù ọ̀sán ò gbéra, ti ìrọ̀lẹ́ náà ò gbéra, wọ́n sì kó èrò padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé wọn lọ sí Lima. Wọ́n dé ṣáájú ọ̀sán, wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹun, Màmá sun oorun díẹ̀, wọ́n sì wọ bààlúù Houston ní alẹ́ láìsáré. Ẹni kan tí wọ́n jọ wà ní òtẹ́ẹ̀lì, tó ti fi Ọjọ́bọ̀ náà sí bààlúù Yúróòpù rẹ̀, ṣì wà lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń lọ.

Ọkọ ti pè mí lórí Pacaya-Samiria fún ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó lọ gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ná.